Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Kọjá Abẹ́rẹ́: Ìlànà Tí Wọ́n Fi Ń Tọ́jú Aláìsàn

 

Ní oṣù tí ó kọjá, bàbá kan wá bá wa ní ilé-kéú lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ó ti ń ka alífù, ti rí àyè wọ yunifásítì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó sì fẹ́ kọ́. Bàbá náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ náà máa ń gbọ́ tiwa, kí a bá òun yí i lọ́kàn padà. Kì í ṣe owó ni ó ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ nìyí: "Àáfà, ọdún márùn-ún gbáko láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń da ìtọ̀ nù? Ṣebí ohun tí dókítà bá ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe?"

A kò lè bínú sí i, nítorí pé òun nìkan kọ́ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwa náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó yí èrò wa padà ni ọ̀rọ̀ bàbá wa àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó bí wa lọ́mọ, tí ọ̀kadà gbá ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni a sọ fún bàbá ọmọ yìí, òun náà ni a ó sì fi ṣe ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń ronú láti kọ́ iṣẹ́ yìí, àwọn tí kò sì ní í kọ́ ọ yóò jókòó ti ibùsùn aláìsàn lọ́jọ́ kan.

BÀBÁ TÍ KÒ MU OMI

Ilé-ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé bàbá lọ, a kò ní í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ohun wíwúwo kan tí ó ń fà á kí egungun náà lè tò, wọ́n sì ní ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ń fún un ní oògùn ìrora ní àkókò. Wọ́n ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. A kò lè sọ pé wọn kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ife omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀. Àwa rí ife náà, àwọn nọ́ọ̀sì rí i, kò sì sí ẹnì kan tí ó béèrè ohunkóhun nípa rẹ̀. A rò pé òùngbẹ kò gbẹ ẹ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ó ń pe àwọn tí ó ti kú. Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àwa náà jókòó tì í, a ń ṣe àdúà, a ń fẹ́ atẹ́gùn Àlùkùránì sí i lórí. A kò kábàámọ̀ àdúà tí a ṣe. Ohun tí a kábàámọ̀ ni pé a kò wo ẹnu rẹ̀ tí ó ti gbẹ bí èèpo igi.

Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn mìíràn tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì obìnrin kan ni ó gbà á sí wọ́ọ̀dù, kò sì tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó wo ètè bàbá àti ahọ́n rẹ̀. Ó fi ìka méjì fa awọ àyà rẹ̀ sókè, ó sì ń wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó padà. Ó wo ìtọ̀ tí ó wà nínú ike, ó rí i pé ó kéré, ó sì pọ́n bí omi tíì. Ó wá kọjú sí wa, ó ń béèrè: Ife omi mélòó ni bàbá ń mu ní ojúmọ́ nígbà tí ó wà nílé? Mélòó ni ó mu lánàá? Ṣé orí rẹ̀ máa ń dàrú bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ní àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín? Ìbéèrè náà pọ̀ débi pé ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa fi ìbínú sọ pé a kò gbé aláìsàn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí wọ́n lọ pe dókítà wá. Nọ́ọ̀sì náà kò bá a jà. Òun gan-an ni ó lọ pe dókítà, ó sì ti mọ ohun tí yóò sọ fún un kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fa omi sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí dókítà kọ sílẹ̀ nìkan ni nọ́ọ̀sì ń ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: omi ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n omi inú ike yóò tán, ìdí tí bàbá kò fi mu omi yóò sì wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì tí ojú bàbá wálẹ̀, ó fa àga mọ́ra, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè bá ti bàbá dọ́gba, ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé ẹ kì í fọwọ́ kan omi yín. Kí ló dé, sà?"

Bàbá kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Ó tún béèrè ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà náà ni bàbá sọ ọ́: "Ọmọ mi, bí mo bá mu ún, màá tọ̀. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, ẹ̀yin ọmọbìnrin tí mo lè bí lómọ-ọmọ ni ẹ ó wá gbé ike sí mi lábẹ́. Ìtọ̀ á tún ta sí mi láṣọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kírun?"

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ojú tì wá. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìmọ̀ fíkíhì, tí a mọ orí àlùwàlá àti orí ìrun aláìsàn sórí, a jókòó ti bàbá yìí fún ọjọ́ mẹ́rin, a kò béèrè. Ọmọbìnrin tí kò lọ sí ilé-kéú wa ni ó béèrè.

KÍ NI ÌLÀNÀ YÌÍ?

Lẹ́yìn tí ara bàbá ti yá díẹ̀ ni a bẹ nọ́ọ̀sì náà pé kí ó ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe fún wa. Ó ní òun kò dá a ṣe láti inú ara òun, ìlànà ni, inú ìwé ni ó wà. A wá àwọn ìwé náà kà ní yunifásítì tí a ti kẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ to ìlànà náà sílẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ní 1955 ni Lydia Hall sọ pé ìtọ́jú aláìsàn kì í ṣe àkójọ iṣẹ́ ọwọ́, bí kò ṣe ohun tí ó ń lọ láti ìpele kan sí òmíràn. Ní 1961 ni Ida Jean Orlando tẹ ìwé kan jáde lórí àjọṣe nọ́ọ̀sì àti aláìsàn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù: ó ní ohun tí nọ́ọ̀sì rí lára aláìsàn àti ohun tí ó rò pé ó fà á, ohun méjì ni, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí èrò tirẹ̀ títí yóò fi bi aláìsàn fúnra rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá rí ife omi tí kò dín lè rò pé òùngbẹ kò gbẹ aláìsàn. Bí àwa ti rò ó nìyẹn. Ní 1967, Helen Yura àti Mary Walsh kọ ìwé tí ó to ìlànà náà sí ìpele mẹ́rin. Ní 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà fi í sínú òfin iṣẹ́ wọn, ó sì ti di ìpele márùn-ún nígbà náà: àyẹ̀wò, dídá ìṣòro mọ̀, ṣíṣe ètò, mímú ètò ṣẹ, àti wíwo àbájáde. Lónìí, òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì káàkiri ayé àti ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1965.

Àwọn kan yóò ní kí a má gbàgbé Florence Nightingale, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó obìnrin 38 lọ sí Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì ní 1854 láti tọ́jú àwọn ọmọ-ogun, tí ó sì fi ìṣirò hàn pé àìsàn ni ó ń pa wọ́n ju ọgbẹ́ ogun lọ. Òótọ́ ni. Kí àwa náà má sì gbàgbé Rufaida ará ìdílé Aslam, tí ó ń tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́ lábẹ́ àgọ́ ní mọ́sálásí Mẹ̀dínà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé Sa'd ọmọ Mu'ādh lọ lẹ́yìn ogun Kòtò, ní ọdún 5 Híjírà, èyí tí ó jẹ́ 627. Ìtàn fi yé wa pé bí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ń kọjá ní àṣálẹ́, yóò béèrè bí ó ti wà, bí ó bá sì tún di òwúrọ̀, yóò tún béèrè. Sa'd yóò sì fúnra rẹ̀ sọ bí ara ti rí. Ọgbẹ́ náà ni ó pa Sa'd nígbẹ̀yìn, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ pé Lárúbáwá ni ó kọ ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà. A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wò ni pé ẹni tí ó béèrè ní àṣálẹ́ kò torí rẹ̀ sọ pé òun kò ní í béèrè ní òwúrọ̀.

ÌṢÒRO DÓKÍTÀ ÀTI ÌṢÒRO NỌ́Ọ̀SÌ

Nínú àyẹ̀wò, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Èkíní ni èyí tí aláìsàn tàbí ará ilé rẹ̀ fi ẹnu sọ: "ó ń dùn mí", "n kò lè sùn". Èkejì ni èyí tí ojú rí, tí ọwọ́ kàn, tí a sì lè wọ̀n: ara tí ó gbóná ju ìwọ̀n 37 lọ, ìlù ọkàn, iye ìtọ̀ ní wákàtí 24. Ti bàbá wa kò ju mìlílítà 400 lọ ní ọjọ́ tí ó dé, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá wọ̀n tó kílò 60 yẹ kí ó tọ̀ tó 720 ó kéré tán. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ìwọ̀n ìtọ̀ kò lè sọ pé ojú ń ti bàbá, bàbá kò sì lè mọ̀ pé ìtọ̀ òun jẹ́ 400.

Ìpele kejì ni ó yà wá lẹ́nu jù, nítorí pé a rò pé dókítà nìkan ni ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe aláìsàn. Dókítà kọ ọ́ pé: egungun itan ṣẹ́. Bí a bá kó ènìyàn mẹ́wàá tí egungun itan wọn ṣẹ́ jọ, ohun kan náà ni dókítà yóò kọ fún gbogbo wọn, ó sì tọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kọ tirẹ̀ pé: omi ara kò tó, nítorí pé aláìsàn yẹra fún omi mímu nípasẹ̀ ìtìjú àti ìbẹ̀rù àìmọ́ fún ìrun, ẹ̀rí rẹ̀ ni ètè gbígbẹ, ìtọ̀ kékeré tí ó pọ́n, àti ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn. Ẹ wo bí gbólóhùn náà ti lọ: ìṣòro, ohun tí ó fà á, àmì tí a fi mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn yìí kò lè bá ẹlòmíràn mu nínú àwọn mẹ́wàá yẹn. Bàbá wa ni ó ni ín. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìtọ́jú tí ó dá lórí aláìsàn fúnra rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ lásán.

Ohun tí ó sì fa ìṣòro ni ètò yóò kọjú sí. Bí nọ́ọ̀sì bá ti dúró sí "omi ara kò tó", ètò rẹ̀ kò ní í ju kí ó máa pariwo mọ́ bàbá pé "ẹ mu omi" lọ. A sì ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù.

ÈTÒ IFE MẸ́WÀÁ

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kò sí ohun tí ó lè mú kí omi púpọ̀ pa bàbá lára, nítorí pé ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa, omi púpọ̀ lè jẹ́ ewu fún un. Dókítà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kò sí. Nígbà náà ni ó fi àfojúsùn sílẹ̀, kì í sì í ṣe àfojúsùn ẹnu lásán. Ó kọ ọ́ pé láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá yọ omi ara kúrò, bàbá yóò mu lítà 2, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì tó mìlílítà 1,000. Ohun tí a lè wọ̀n ni; bí kò bá ṣẹ, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i pé kò ṣẹ.

Ó wá bá bàbá jókòó láti ṣe ètò náà pọ̀. Ó ní ife bàbá gba mìlílítà 200, nítorí náà ife mẹ́wàá ni. Bàbá ní ife mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ó ní: "Bàbá, ìgbà mélòó ni ẹ ń kírun lójúmọ́?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Ife méjì ní ìgbà ìrun kọ̀ọ̀kan: Àsùbáà, Àìlà, Àlàásárì, Màgàríbì, Ìṣáì. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá kò nílò aago nọ́ọ̀sì mọ́.

Ti ìtìjú ńkọ́? Ó ní kí ọ̀kan nínú àwa ọmọkùnrin máa wà níbẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ láti gbé ike ìtọ̀, bí kò bá sì sí ẹnikẹ́ni, nọ́ọ̀sì ọkùnrin ni kí wọ́n pè. Kí wọ́n fa aṣọ yí ibùsùn ká. Kí bútà omi wà lábẹ́ ibùsùn fún ìmọ́tótó, kí a sì tẹ́ aṣọ kékeré kan tí a ó máa pààrọ̀. Ó wá yíjú sí wa, ó ní: "Àáfà, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún bàbá bí aláìsàn ṣe ń kírun. Èmi kò lè sọ ọ́ kí wọ́n gbà á." A sì sọ ọ́: pé ẹni tí kò lè dúró yóò jókòó, ẹni tí kò lè jókòó yóò fi ìdùbúlẹ̀ kí i, ẹni tí kò lè lo omi yóò ṣe tàyámámù, àti pé Ọlọ́hun kò di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀dá lọ ru ẹ̀dá. Bàbá ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó gbọ́n nínú ẹ̀sìn, lórí ibùsùn yẹn, ní ọjọ́ yẹn.

Kíyè sí i pé nínú ètò kan ṣoṣo yìí, dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ọkùnrin wà níbẹ̀, ará ilé wà níbẹ̀, Àáfà wà níbẹ̀, aláìsàn sì ni ó wà láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "ẹ mu omi".

Ǹjẹ́ ó ṣẹ? Kò ṣẹ tán. Ní ọjọ́ kejì, ife méje ni bàbá mu, ìtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 800. Àwa ti ń yọ̀ pé ó dára, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé àfojúsùn ṣẹ ní apá kan, ó sì béèrè ibi tí ife mẹ́ta sọnù sí. Ìgbà tí ó wádìí, ti Ìṣáì ni méjì, ti Màgàríbì ni ọ̀kan: bàbá ń bẹ̀rù pé òun yóò jí ọmọ tí ó sùn tì òun lóru. Ó yí ètò padà. Ó kó ife alẹ́ mẹ́ta sí òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mu mẹ́wàá, ìtọ̀ rẹ̀ sì kọjá 1,000. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ìlànà yìí ń yí po bí òbírí ni: ibi tí àbájáde parí sí ni àyẹ̀wò tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dúró títí aláìsàn yóò fi lọ ilé.

EGBÒ TÍ KÒ TÍÌ SÍ

A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ rò pé ìṣòro tí ó ti ṣẹlẹ̀ nìkan ni ìlànà yìí ń wá. Ó tún ń wá èyí tí ó ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, egbò ìdùbúlẹ̀ ń dúró dè é ní ìdí, ní gìgísẹ̀ àti ní èjìká, nítorí pé ibi tí egungun ti tẹ awọ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé ibẹ̀. Ní 1962, Doreen Norton àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan jáde tí ó ní ìṣirò kékeré kan nínú, tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Ohun márùn-ún ni nọ́ọ̀sì yóò wò: bí ara ti le sí, bí orí ti pé sí, bóyá aláìsàn ń rìn, bóyá ó lè yí ara padà, àti bóyá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń dà lára rẹ̀. Máàkì 1 sí 4 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20 sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba 14 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu.

Ní ọjọ́ tí bàbá dé, ó gba 3 fún ara, 2 fún orí tí ó dàrú, 1 nítorí pé kò lè kúrò lórí ibùsùn, 2 fún yíyí ara, àti 4 nítorí pé ohunkóhun kò dà lára rẹ̀: 12. Nígbà tí omi ti mú orí rẹ̀ wálẹ̀, orí gba 4, gbogbo rẹ̀ sì di 14. Àwa rò pé ewu ti kọjá. Nọ́ọ̀sì ní rárá, 14 náà ṣì wà nínú ewu. Aláìsàn mìíràn, wákàtí méjì-méjì ni wọn ìbá máa yí i padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a so kò gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó kọ́ bàbá láti di irin tí ó wà lókè orí rẹ̀ mú, kí ó máa gbé ìdí sókè fúnra rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì yóò sì yẹ awọ ibẹ̀ wò, wọn yóò tẹ́ aṣọ tí kò ní ìpàkúnjọ sí i. Bàbá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí ibùsùn yẹn. Kò ní egbò kankan. A mọ ìyá kan tí kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn ní ibòmíràn, tí ó jẹ́ pé egbò ìdí ni wọ́n fi oṣù mẹ́fà tọ́jú lẹ́yìn tí àìsàn tí ó gbé e wá ti lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tí wọn kò fẹ́ràn ìlànà yìí, a sì ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìwé kíkọ rẹ̀ pọ̀, àti pé nọ́ọ̀sì méjì tí ó ń tọ́jú ogójì aláìsàn ní alẹ́ kò ní àyè láti fa àga mọ́ra. Ẹ̀dùn wọn jẹ́ òtítọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí wọ́n ṣe é dáadáa gbọ́dọ̀ gba ènìyàn kún wọn. Síbẹ̀, ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì yẹn bi bàbá kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò fi béèrè ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ó jókòó ti aláìsàn, apá kan iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ yín. Bí nọ́ọ̀sì bá ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fi ìbínú dá a lóhùn. Ẹ sọ ohun tí aláìsàn kì í jẹ, oògùn ìbílẹ̀ tí ó ti lò kí ó tó dé, oorun rẹ̀, ìrun rẹ̀, ohun tí ó ń tì í lójú. Ẹ má ṣe fi oògùn ìbílẹ̀ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù èébú. Bí ẹ bá fún un ní omi tàbí oúnjẹ, ẹ sọ iye rẹ̀; bí ẹ bá da ìtọ̀ rẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ sì lè béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé: kí ni ẹ ń retí lára bàbá lónìí? Nọ́ọ̀sì tí ó ń tẹ̀lé ìlànà yìí yóò ní èsì.

Nígbà tí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tán fún bàbá ọmọ náà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá bàbá wa àgbà ṣì ń bẹ láyé. A ní ó ń bẹ, ọ̀pá ni ó fi ń rìn wá sí Jímọ̀ọ́. Ó ní òun yóò fẹ́ kí i. Ní ti ọmọbìnrin náà, títí tí a fi ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, bàbá rẹ̀ kò tíì fún wa lésì, ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sì kù kí àyè tí ó rí ní yunifásítì tó bọ́.